Ìdáhùn Ó-Ṣeé-Ṣe

"Ṣé èmi ni?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọṣẹ, abọ́ tí ìyá rẹ̀ fi jẹun ló ń fọ̀. Kò kọ́kọ́ mọ ohun tí bàbá ń wí. Nígbà tó yíjú, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni bàbá dúró sí, kò wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ bá wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni, Bàbá?"

"Àìsàn ìyá rẹ. Mo gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ yẹ omi gbígbẹ tá a fi ń fọ aṣọ wò, bóyá òun náà wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ọ́fíìsì yín ni wọ́n dárúkọ. Èmi ni mo gbé omi gbígbẹ wọ ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ni mo mú ìyá rẹ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ tó o mọ̀wé ni mo ń bi. Ṣé èmi ni?"

Ká ní ọmọ mìíràn ni, ì bá ti sáré nu ọwọ́ rẹ̀, ì bá ti dì mọ́ bàbá rẹ̀, ì bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́." Ṣùgbọ́n iṣẹ́ téèyàn bá ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ a máa wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ronú díẹ̀, ó wọn ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń wọn ọ̀rọ̀ lọ́fíìsì, ó sì dáhùn.

"Bàbá, pẹ̀lú ohun tá a mọ̀ báyìí, a ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi orí. "O ṣeun, ọmọ mi," ó wí, ó sì yí padà lọ.

Lójú tirẹ̀, ìdáhùn gidi ló fún bàbá. Kò purọ́, kò sì dẹ́rù bà á. Ó fọ abọ́ rẹ̀ tán, ó dágbére, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kejì.

"Kí lo sọ fún bàbá rẹ?"

"Nípa kí ni, Màmá?"

"Èmi ni mo ń bi ọ́. Ó ti kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ó ní orí àga ló wu òun sùn. Ọkùnrin tí ẹ̀yìn ń ro láti ọjọ́ pípẹ́! Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan. Mo ní ṣé mo ń hanrun ni, ó ní rárá. Mo wá rántí pé ìwọ lo wá kẹ́yìn."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ gbì. Ìgbà yẹn ló tó yé e, ohun tó ti ṣe.

Ó-Ṣeé-Ṣe ni wọ́n ń pè é nínú ẹbí. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà ní ọdún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, gbogbo ilé sì gbà á. Bí o bá bi í pé ṣé òjò máa rọ̀, á ní ó ṣeé ṣe. Bí o bá bi í pé ṣé iyọ̀ tó nínú ọbẹ̀, á ní ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu òun nìkan kò tó láti fi parí ọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún àlejò pé lọ́jọ́ tí òun ní kó fẹ́ òun, ìdáhùn tó fún òun ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ dára. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ rárá.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ìgbìmọ̀ tó ń pinnu kẹ́míkà tó yẹ kí ìjọba kà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì yára sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò ní pẹ́ tẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe kò ju kíkà lọ: kí wọ́n ka ìwádìí àwọn tó fi kẹ́míkà kan sínú afẹ́fẹ́ eku títí tí eku fi dàgbà, kí wọ́n ka ti àwọn tó tọpa òṣìṣẹ́ tó ti fi ọwọ́ kan kẹ́míkà náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aládùúgbò wọn tí kò mọ̀ ọ́n. Bí àìsàn bá pọ̀ lápá kan, wọ́n á tún bi ara wọn léèrè: ṣé kẹ́míkà náà ni, àbí sìgá, àbí ọjọ́ orí, àbí pé ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Wọ́n á jiyàn títí, lẹ́yìn náà wọ́n á fi kẹ́míkà náà sí àyè tirẹ̀. Àyè kan wà fún ohun tó dájú, òmíràn wà fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, òmíràn wà fún ohun tó ṣeé ṣe, àyè tó kẹ́yìn sì wà fún ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Kò sí àyè fún rárá. Látìgbà tó ti wà níbẹ̀, kò tíì rí ọjọ́ kan tí ìgbìmọ̀ kọ "rárá" síwájú ohunkóhun.

Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló fi dá bàbá rẹ̀ lóhùn. Lọ́fíìsì, "a ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀" túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ṣì kù. Létí alágbàfọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, wọ́n ti dá a lẹ́bi.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó tún lọ síbẹ̀. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wà, wọ́n sì ti tì í pa láti ìgbà tí ìyá ti wọ ilé ìwòsàn, ó ti lé ní oṣù mẹ́fà. Ó gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìn. Kóòtù àti aṣọ ìgbéyàwó tí àwọn oníbàárà kò tíì wá gbà rọ̀ nínú ọ̀rá wọn, ẹ̀rọ ńlá sì dákẹ́ ní kọ̀rọ̀. Aṣọ tí kò gbọdọ̀ rí omi ni wọ́n ń fọ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn. Kẹ́míkà tí wọ́n ń dà sí i ní orúkọ gígùn kan, Ó-Ṣeé-Ṣe sì mọ̀ ọ́n délẹ̀, ṣùgbọ́n omi gbígbẹ ni bàbá ń pè é, torí ó ń ṣàn bí omi, aṣọ á jáde nínú rẹ̀ bí ẹni pé omi kò kàn án rí. Ó ní òórùn dídùn kan báyìí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn lójú oorun, á mọ̀ pé àwọn òbí òun ti wọlé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Báyìí, òórùn náà ti lọ. Eruku nìkan ló kù.

Bàbá ń ti balùwẹ̀ bọ̀, orí rẹ̀ tutù, aṣọ ìnura wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ọ̀sán yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wẹ̀?"

"Mo wẹ̀ láàárọ̀. Ooru ló mú mi."

Kò sí ooru kankan. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó fẹ́ di ọwọ́ bàbá mú bó ṣe máa ń ṣe, bàbá sì fa ọwọ́ náà sẹ́yìn, ó fi nu ojú. Ó dùn ún.

Ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá, ó fi kúbùsù bo ẹsẹ̀, ara rẹ̀ ti rù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rù rárá. "Wá wo ilé wa," ó ní. "Bàbá rẹ ti di aládùúgbò mi. Ó máa ń dúró síbẹ̀ yẹn kí mi láàárọ̀, 'Ṣé o jí dáadáa?' Mo máa ń sọ fún un pé mo jí, àti pé mo kí ìyàwó rẹ̀. Abọ́ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí tèmi. Àna mi ni mo kà á sí báyìí."

Bàbá ti tún dúró lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ wọlé wá jókòó."

"Ibí dára."

"Òtútù ń mú Màmá lóru, wọ́n ní ara àwọn kì í gbóná mọ́."

"Kúbùsù míì wà nínú àpótí. Bá mi fún un."

Ó mú bàbá jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro ó. Ó ní jẹjẹrẹ kì í sọ ẹni tó rán an. Ó ní àwọn kan wà tó fọ aṣọ títí di ọjọ́ ogbó tí orí kò fọ́ wọn, àwọn kan sì wà tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé alágbàfọ̀ rí tí jẹjẹrẹ mú. Ó ní kò sí ẹni tó lè nàka sí èèyàn kan pé tìẹ rèé, ibi báyìí ló ti wá.

"O ti dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀," ni bàbá wí. "O ní ẹ ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì nìyẹn!"

"Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kì í ṣe òótọ́ ni?"

Ó-Ṣeé-Ṣe dágbére. Ó wakọ̀ lọ sílé, nígbà tó dé ibi tí iná ti dá àwọn ọkọ̀ dúró, ó bú sẹ́kún.

Ọjọ́ ìpàdé dé. Gbọ̀ngàn ìpàdé wọn kò ní ohun tó ṣe ènìyàn ní kàyéfì: tábìlì gígùn kan, gíláàsì omi, àga tí wọ́n tò sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá gbọ́, torí òfin ní gbangba ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe é. Alága wọn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì, ó máa ń so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè. Kí wọ́n tó fẹnu ba kẹ́míkà kankan, ìbéèrè kan wà tó máa ń bi oníkálukú yí tábìlì náà ká: "Kí ló wà nílé?" Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ṣé ohun kan wà nílé rẹ, owó ni o, ìbátan ni o, tó lè fa ọwọ́ rẹ sí apá kan? Bó bá wà, wàá dìde kúrò nídìí tábìlì. Wọ́n ti dá ọkùnrin kan dúró nígbà kan rí torí àna rẹ̀ ń ta ọ̀dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó mọ̀ nípa ìwádìí eku, Dókítà Eku tí wọ́n ń pè é, jẹ́wọ́ pé òórùn epo bẹntiróòlù máa ń wu òun gan-an, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó jókòó.

"Kí ló wà nílé?"

"Kò sí nǹkan."

"Kí ló wà nílé?"

"Kò sí nǹkan, Alága."

Ìbéèrè náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó ronú láti ní kò sí nǹkan. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jókòó, ọwọ́ wo ni yóò nà nígbà ìdìbò? Tó bá ní kí wọ́n kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, bàbá rẹ̀ ló dá lẹ́bi. Tó bá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, irọ́ ló pa. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í pé ẹ̀rù ń bà á.

"Kí ló wà nílé?"

Ó dìde. "Jẹjẹrẹ wà nílé, Alága. Ìyá mi ni. Alágbàfọ̀ ni àwọn òbí mi, kẹ́míkà yìí gan-an ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ tọ́ mi dàgbà."

 Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ó ní. "Bọ́ sí ẹ̀yìn. Tá a bá ti parí èyí, a óò pè ọ́ padà."

Ó kó bíírò rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn láàárín àwọn oníròyìn àti àwọn ará ilé iṣẹ́ tó ń pèsè kẹ́míkà náà. Ibẹ̀ ló ti rí bàbá rẹ̀. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó lọ̀ ọ́ kanlẹ̀.

"Bàbá! Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Rédíò ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè wá sọ ọ́."

Ó fẹ́ jókòó tì í. Bàbá sún, ó fi àga kan sílẹ̀ láàárín wọn. Ó rò pé bàbá ń bínú sí òun ni. Ó jókòó síbi tí wọ́n fi í sí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Níwájú, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà Eku ṣàlàyé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín eku tó mí kẹ́míkà náà símú, kókó jẹjẹrẹ tó yọ lára wọn, àti bó ṣe ń pọ̀ sí i bí kẹ́míkà ṣe ń pọ̀ sí i. Agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "eku kì í fọ aṣọ. Eku kì í wọ kóòtù."

"Òótọ́ ni," ni Dókítà Eku wí. "Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀dọ̀, bíi tiyín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó mọ̀ nípa ìṣirò wá sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ. Ó ní jẹjẹrẹ àpòòtọ̀ pọ̀ lára wọn ju ti aládùúgbò wọn lọ. Ó ní lóòótọ́ àwọn kan nínú wọn ń mu sìgá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ àwọn yẹn kúrò, ó ṣì pọ̀ díẹ̀. "Díẹ̀," ó tún un sọ. Àpòòtọ̀ ìyá ni dókítà gé. Ó-Ṣeé-Ṣe kò wo ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Alága bi àwọn ará ìta bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Bàbá dìde. Ó rìn lọ sí ibi makirofóònù, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ tó fẹ́ bá a tún un ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Alágbàfọ̀ ni mí. Mi ò mọ̀wé eku. Fèrèsé kan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tá a ra ẹ̀rọ, eruku títì máa ń wọlé, ó máa ń ba aṣọ oníbàárà jẹ́. Mo fi páálí dí fèrèsé náà pa. Ìyàwó mi ní ooru ń mú òun, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo ní kó fara dà á, iṣẹ́ pọ̀. Ó fara dà á." Ó gbójú sókè wo Alága.  "Ó fara dà á fún mi lọ́pọ̀ ọdún. Mo wá kí ẹ lè bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí ni ká kọ, Bàbá?" ni Alága bi í.

"Pé èmi ni."

 Agbẹjọ́rò pàápàá wolẹ̀. Ó-Ṣeé-Ṣe ti dìde lórí àga rẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun dìde.

"Bàbá," ni Alága wí, "a kì í dá ènìyàn lẹ́jọ́ níbí. Kẹ́míkà nìkan la lè dá lẹ́jọ́."

"Níbo wá ni wọ́n ti ń dá ti ènìyàn?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nígbà tí ẹ ń dí fèrèsé yẹn, ta ló sọ fún yín pé ẹ má ṣe dí i?"

Bàbá ronú. "Kò sí ẹni tó sọ."

"Ó yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́. Àwa ni ẹni náà. Tábìlì yìí ni. A pẹ́ kí a tó dé orí kẹ́míkà yìí, Bàbá. Ẹ má bínú sí wa."

Bàbá kò mọ ohun tí yóò ṣe sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ ṣeun, ó tún ní ẹ ṣeun, ó sì padà sí ẹ̀bá fèrèsé rẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sókè. Ẹnì kan péré ni kò nà án. Àyè ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú ni wọ́n fi kẹ́míkà náà sí, ó sì di ohun tí ìjọba kà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti ọjọ́ náà lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó gbé bàbá lọ sílé. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni bàbá wọ̀, ó sì yí gíláàsì sísàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́.

"Bàbá, ṣé mo ti wá di dírẹ́bà yín ni?"

"Ẹ̀yìn dára."

"Inú ń bí yín sí mi?"

"Inú kò bí mi sí ọ." Ọkọ̀ yà sí àdúgbò wọn. "Ìyá tó jẹ́ alága yẹn, èèyàn dáadáa ni."

Ìyá kò tíì sùn. Ó ti gbé ara rẹ̀ jókòó, ó ti de gèlè sórí bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì. "Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ṣí fèrèsé wọn." Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Bàbá ọmọ mi, ẹ wọlé."

"Ibí dára."

"Ibẹ̀ kò dára! Ó ti sú mi. Wọ́n yọ èyí tó fẹ́ pa mí kúrò lára mi ní ilé ìwòsàn, mo dé ilé, ẹ̀yin náà kó èyí tó ń mú mi gbóná lọ sí pálọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo dí fèrèsé."

"Ta ló bá yín di páálí mú?"

Bàbá fara ti ilẹ̀kùn.

"Mo ní ta ló bá yín dì í mú? Ẹ̀yin lẹ ń kan ìṣó, èmi ni mo dì í mú, mo tún ń sọ fún yín pé ó wọ́ sápá òsì. Aṣọ ìgbéyàwó funfun kan ni eruku bà jẹ́, ẹ̀yin kọ́ ni ìyá ìyàwó bú, èmi ni. Èmi ni mo ní ká dí i. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ̀bi, ẹ má dá a jẹ, ẹ bu tèmi fún mi."

Ó-Ṣeé-Ṣe rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé ó ti tán, pé bàbá yóò wọlé báyìí. Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan lóòótọ́, ó sì tún dá a padà. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ó fi ojú pe ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ìbéèrè kan ló kù. Má fi mí rẹ́rìn-ín o."

"Mi ò ní rẹ́rìn-ín, Bàbá."

"Ṣé ó ṣì wà lára mi?"

"Kí ni?"

"Omi gbígbẹ. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wọ̀ mí lára. Mò ń wẹ̀, mò ń wẹ̀. Mi ò gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé imú mi ló ti kú sí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyá rẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ ikú ni. Bí mo bá lọ sùn tì í, ṣé mi ò ní tún kó o ràn án?"

Gbogbo rẹ̀ wá yé e lẹ́ẹ̀kan náà: abọ́ tó yàtọ̀, ọwọ́ tí bàbá fà sẹ́yìn, àga kan tó dá sílẹ̀ láàárín wọn, ẹ̀yìn ọkọ̀, gíláàsì tó ṣí sílẹ̀. Òun ti ń rò pé bàbá ń fìyà jẹ ara rẹ̀. Bàbá ń dáàbò bo ìyàwó rẹ̀ ni. Ìbéèrè ńlá tí ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn ni òun ti gbájú mọ́, kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò sì wá sọ́kàn òun láti béèrè.

Ó mọ ìdáhùn èyí. Inú èémí ni kẹ́míkà yẹn máa ń gbà jáde kúrò lára èèyàn, kì í pẹ́ rárá, ó sì ti lé ní oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ kẹ́yìn. Nínú gbogbo ohun tó ti kà, kò sí ẹni tó jiyàn sí i. Bí ìṣe rẹ̀, ó wá "ṣùgbọ́n" kan lọ sókè sódò. Kò rí i.

"Rárá, Bàbá."

Bàbá ń wò ó, ó ń retí ìyókù.

"Rárá," ó tún wí. "Kò sí lára yín mọ́. Ó ti lọ tipẹ́."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ẹ gbọ́ o," ni ìyá ké láti orí bẹ́ẹ̀dì, etí rẹ̀ kò rù bákan náà. "Ó-Ṣeé-Ṣe ló sọ bẹ́ẹ̀!"

 Bàbá gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ sí pálọ̀, wọ́n gbọ́ tó ń ti àga padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tó dé, ìrọ̀rí rẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ìyá ti sún mọ́ ògiri, ó ti ká kúbùsù sókè lápá kan.

Ó wọlé.